Ọdún tí Ìyá Mi Fi Ń Sá Pamọ́ fún Ọmọ Rẹ̀

Ariwo ọkọ̀ ló máa ń jí wa ní ilé tí a gbé ní Ore, kì í ṣe àkùkọ. Títì márosẹ̀ kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wa rárá; bí tírélà bá tẹ bíréèkì, àwo orí tábìlì á gbọ̀n. Kò ní pẹ́ sí ìgbà náà tí ayùn ilé ìlàgi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í hu, á sì hu títí di ìrọ̀lẹ́, débi pé bó bá dákẹ́ lójijì, gbogbo ará ilé á gbé orí sókè, wọ́n á máa bi ara wọn bóyá ó ti gé ẹnìkan lọ́wọ́. Ayálégbé ni gbogbo wa nínú ilé náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, sítóòfù níwájú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ọbẹ̀ ẹnìkan ò sì lè pamọ́ fún ẹnìkejì. Bàbá mi jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀ láti Omifunfun. Ìyá mi wá láti apá Ọ̀ṣun. Inú ilé àdúrà ni wọ́n ti pàdé, ó sì tẹ̀lé e wá síbi tí kò ti ní ará. Búrẹ́dì ló ń tà ní ìkóríta. Ẹni tó bá ti gba Ore kọjá rí mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kì í fẹ́ dúró, ó kàn máa ń rọra ni. Obìnrin á gbé atẹ́ lérí, á máa sáré ba fèrèsé ọkọ̀ lọ, á na búrẹ́dì sókè, á gba owó, á wá ṣéńjì, gbogbo rẹ̀ nínú eré. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin, Bùkọ́lá, máa ń wà, tí orí rẹ̀ á máa mì bí ìyá wa bá ti ń sáré.

Bùkọ́lá ti ń rìn lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ó ti hu eyín, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mu ọmú. Èmi ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo ti ń pọn omi, mo ti lè ro ẹ̀bà tí kò ní kókó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi ń bá bọ́ọ̀sì kan sáré, èrò kan gba búrẹ́dì tán, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ etí ìró rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ṣí. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mo padà wá ń ṣe, mo sì ti bi ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìbéèrè nípa ọjọ́ tó burú jù láyé wọn, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó gbé fóònù síwájú ìyá tèmi. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí: "Mo mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń fà mí. Mo rò pé ọmọ ló ń nà. Ìgbà tí mo wá rí i pé ẹsẹ̀ mi ń sáré ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, mo pariwo Jésù. Àwọn èrò ọkọ̀ rò pé ṣéńjì ni mò ń bèèrè. Ìró ya, mo ṣubú. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́yìn mi, inú mi sì dùn. Ìwọ náà gbọ́ ohun tí mo sọ: inú mi dùn pé ọmọ mi ń ké." Iwájú orí Bùkọ́lá bó díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò lè sáré mọ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ẹni tí kò bá sì lè sáré ní ìkóríta Ore, kò lè ta búrẹ́dì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ará ilé kó ara wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Ńkẹ́chi, ọmọ Íbò tí ọkọ rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó fi orúkọ mi pe ìyá mi. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, gbọ́ mi. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń lọ mú àbúrò wa wá láti abúlé ni. Á jẹun, á sùn, á gbé ọmọ. Ṣé o rí mi kí n máa pọn Ńkẹ́chi lọ sí ṣọ́ọ̀bù?"

Ìyá mi ní, "Àbúrò wo ni kí n mú? Èyí tó kù mí kù ti lọ sílé ọkọ."

Ìyá Ẹ̀jírò, ọmọ Ùróbò tó ń ta ẹja, ń fọ ìkòkò lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Okùn ni mo fi ń so Ẹ̀jírò mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì mi. Wò ó bó ṣe sanra."

Ìyá Ńkẹ́chi ní, "Ìwọ, ewúrẹ́ lò ń sìn!"

"Ewúrẹ́ tèmi wà níbi tí ojú mi ti ń tó o," ni èsì tí Ìyá Ẹ̀jírò fọ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi òróró pa egbò iwájú orí ọmọ. Mo máa ń rántí ẹ̀rín yẹn, torí pé òun ni mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun igi ṣì wà lára irun rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni yóò lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu gbogbo ọmọ ilé wa. Bó bá ti gbàgbé ọmú, a ó mú un padà." Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Kò sí ohun tí a lè bá a jiyàn sí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé bàbá mi nìyí. Ọmọ tí wọ́n bá fẹ́ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ lóko, ìyá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó fojú kan òun títí tí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè é. Wọ́n gbà pé bí ọmọ bá rí ìyá rẹ̀ láàárín kan, ọmú á padà sọ sí i lọ́kàn, á tún ké igbe tó ti ké tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ á sì máa gbóná. Èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá, mi ò rántí nǹkan kan. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìye, jókòó lórí àpótí lọ́jọ́ tí a gbé Bùkọ́lá dé Omifunfun, ó ń ha ẹ̀gẹ́. Èdè Ìkálẹ̀ ló máa ń sọ, ó sì máa ń rọra sọ ọ́ nítorí ìyá mi, tí kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní, "Ìyàwó, bí mo bá ránṣẹ́, kí o wá. Bí mi ò bá ránṣẹ́, má jẹ́ kó rí ọ. Bó bá rí ọ, o ti ba iṣẹ́ mi jẹ́ nìyẹn."

"Ó máa pẹ́ tó báwo, Màmá?"

"Títí á fi gbàgbé."

Ìye kì í ṣe ènìyàn líle. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ yìí kó máa bínú sí i. Òun ló máa ń fi aṣọ àdúrà funfun rẹ̀ nu imú wa, òun ló máa ń fi ẹja tó tóbi jù pamọ́ sísàlẹ̀ ìkòkò dè wá. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló ń ṣe, bó ṣe ṣe é fún gbogbo ọmọ tó kù.

Ìyá mi kò lè jókòó sí Ore. Bí ọjọ́ Sátidé bá ti pé, tí ọkọ̀ bá dínkù díẹ̀, á mú mi, a ó gun ọ̀kadà lọ sí Omifunfun. A máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí a tó dé ilé, kí Bùkọ́lá má baà gbọ́ ìró ọ̀kadà kó sáré jáde. Ìyá mi á gba inú kòkó yí lọ sẹ́yìn ilé, á sì wọ inú ahéré tí Ìye ti ń yan púpúrú. Ẹni tí kò bá mọ púpúrú, ẹ̀gẹ́ ni, èyí tí wọ́n rẹ, tí wọ́n mọ ní rìbìtì, tí wọ́n sì tò sórí àjà lókè iná kí èéfín lè yan án títí ara rẹ̀ á fi dúdú. Igi ni wọ́n fi ṣe ògiri ahéré náà, àlàfo wà láàárín igi. Ibi tí ìyá mi máa ń dúró sí nìyẹn, nínú èéfín, tí yóò máa wo ọmọ rẹ̀ láti ojú àlàfo. Èmi ni mo máa ń lọ síwájú ilé lọ bá Bùkọ́lá ṣeré. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n máa fà á sún mọ́ ahéré díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ohùn ìyá mi láàárín igi pé, "Mú un wá sí òòrùn, kí n rí ojú ẹ̀." Tàbí, "Kí ló wà létí ẹ̀ yẹn? Ṣé egbò ni?" Tàbí, "Jẹ́ kó yí sí ìhín." Mo máa ń yí i. Bí ìyá mi bá jáde, tí a ti kúrò lágbègbè ilé, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti èéfín níbẹ̀. Àyà bùláòsì rẹ̀ á ti tutù fún omi ọmú. Á fi gèlè bò ó, á sì ní kí n pe ọlọ́kadà.

Mo bi í léèrè ìgbà tí mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pé kí ló dé tí kò kàn jáde síta lọ́jọ́ kan. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè. "Kí n jáde, kí n tún wá lọ? Kó ké títí? Ó ti dákẹ́. Ìye ní ó ti ń sùn dáadáa. Mò ń ṣàánú rẹ̀ ni." Ó wá tún ní, "Mo rò pé mò ń ṣàánú rẹ̀."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí láàárín ìgbà díẹ̀, bó ṣe parí fún èmi. Ìye tilẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọkùnrin tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí Ore ló jẹ́ iṣẹ́ náà pé Bùkọ́lá ti gbàgbé, kí ìyá rẹ̀ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọdún ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ìgbà tí gbogbo ayé ń gba Ore kọjá lọ sílé, tí obìnrin tó bá lè sáré máa ń ta búrẹ́dì léraléra. Ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ ọdún kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó ń padà bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ dùn ún. Nǹkan máa ń wà ṣáá. Bùkọ́lá kúkú ń jẹun, ó ń sanra, bàbá mi sì ní, "Kí lò ń kánjú fún? Ṣé ilé àjèjì ló wà ni?" Ìyá mi ṣì ń lọ ní Sátidé, ó ṣì ń wọ ahéré. Kò sẹ́ni tó ní kó máa sá pamọ́ mọ́. Ó ti mọ́ ọn lára.

Iṣẹ́ ti gbé mi dé ìlú òyìnbó kan rí, níbi tí wọ́n ní kí n kọ nípa bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń rí ẹni bójú tó ọmọ wọn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú ọmọdé kan láàárọ̀. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ fún olùtọ́jú, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó di bàtà ìyá rẹ̀ mú. Obìnrin náà tú ọwọ́ rẹ̀, ó jáde, ó sì dúró síwájú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí i títí. Mo bi olùtọ́jú léèrè pé ṣé dídúró tí ìyá dúró yẹn kì í jẹ́ kí igbe ọmọ pọ̀ sí i ni. Ó ní, "Ó máa ń jẹ́ kó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí òun ń ké fún." Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo parí iṣẹ́ mi, mo sì padà sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ pé tiwọn dára ju tiwa. Mo ti rí àwọn ọmọ níbẹ̀ tí kò ní ìyá àgbà kankan láyé, tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń sanwó fún nìkan ló ń wẹ̀ wọ́n. Ohun tí mò ń sọ ni pé mo rí fèrèsé yẹn, mo sì rántí àlàfo àárín igi.

Ọjọ́ ìkórè ilé àdúrà ní Omifunfun ni ìyá mi kọ́kọ́ jáde síta. Bàbá mi, ìyá mi àti èmi, gbogbo wa lọ láti Ore. Gbogbo obìnrin ló wọ aṣọ funfun, wọ́n wé funfun, wọn ò wọ bàtà. Wọ́n to ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu àti kòkó síwájú pẹpẹ. Nígbà tí ìsìn parí, àwọn obìnrin tú jáde sí àgbàlá, Bùkọ́lá sì ń wá Ìye láàárín wọn. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ aṣọ funfun kan dé òmíràn, ó ń gbójú sókè wo obìnrin kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọjá. Ìyá mi kúnlẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Bùkọ́lá. Bùkọ́lá mi." Ọmọ náà dé iwájú rẹ̀, ó wò ó lójú, ó wò ó dáadáa bó ṣe wo àwọn tó kù. Ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ.

Obìnrin kan tó dúró nítòsí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ọmọ yìí! Ẹbí tó ti ọ̀nà jíjìn wá ti di àlejò sí wọn." Kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ni. Ìye mọ̀. Ó fa Bùkọ́lá lọ́wọ́ padà wá, ó ní, "Kí Àǹtí. Ìyá rẹ nìyí." Àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ọmọ náà mú. Ó kúnlẹ̀ kí Àǹtí.

A gbé e lọ sí Ore lọ́jọ́ náà pẹ̀lú igbe. Ìyá mi ní igbe náà á rọlẹ̀, bó ṣe rọlẹ̀ lóko. Kò rọlẹ̀. Bùkọ́lá kò gbà kí ó wẹ̀ òun, kò gbà kí ó pọn òun. Bó bá ti gbé e sẹ́yìn, á na ara gbọnrangandan bí igi. Èdè Ìkálẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀, ohùn àgbàlagbà ló sì fi ń sọ ọ́. Oúnjẹ tí mo bá fún un, á jẹ díẹ̀. Èyí tí ìyá mi bá fún un, á fi sílẹ̀. Ìyá mi dá ọgbọ́n sí i: á gbé àwo fún mi, á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, á máa gbọ́ bó ṣe ń jẹun. Ìyá Ẹ̀jírò wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, o tún ti ń sá pamọ́?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọ̀sán, Bùkọ́lá á lọ jókòó sẹ́nu géètì, á kọjú sí títì, bí ọ̀kadà kan bá sì ti ya wọlé, á dìde dúró. Kò pẹ́ tí kò fi jẹun mọ́ rárá, lọ́wọ́ mi tàbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ hàn. Wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní òun kò rí àìsàn kankan. Bàbá mi ló sọ ohun tí kálukú ń rò. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ọmọ yìí máa kú sí wa lọ́wọ́. Jẹ́ kí n gbé e padà."

Ìyá mi ní, "Èmi ni mo máa gbé e padà. Ẹ má bá mi gbé e."

Mi ò tíì rí ẹni tó ba nǹkan yẹn jẹ́. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí mo ṣe máa ń ṣe fún ìròyìn, kí n lè mọ ẹni tí mo máa lọ bá fún èsì. Ìye ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Bàbá mi ń la igi. Ìyá mi ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ kí a lè jẹun. Kò sẹ́ni tó sùn lẹ́nu iṣẹ́ nínú wọn. Bùkọ́lá fúnra rẹ̀, ó ti di abiyamọ báyìí, Odigbo ló ń gbé; ó máa ń wá kí ìyá wa, ó máa ń ra nǹkan bọ̀, ó máa ń kúnlẹ̀ dáadáa. Èmi máa ń bá ìyá mi jà. Òun kò bá a jà rí.

Èmi àti ìyá mi la gbé e lọ. Ó ti rẹ ọmọ náà débi pé kí ọ̀kadà tó kúrò ní Ore, ó ti sùn lọ lẹ́yìn ìyá mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣù sí abẹ́ apá rẹ̀. Láti ọjọ́ ìkórè, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ara rẹ̀ rọ̀ fún un. Ọlọ́kadà ń sáré, ìyá mi sì fọwọ́ tọ́ ọ léjìká. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rọra."

"Ọ̀nà dára, mà."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà máa rọra."

Ìye ti gbọ́ ìró ọ̀kadà, ó jáde wá pàdé wa, ó sì na ọwọ́ láti gba ọmọ. Ìyá mi yẹ̀ fún un. Ó lọ jókòó létí àga onípákó tó wà níwájú ilé, ó tẹ̀ síwájú kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè tẹ́ fún ọmọ tó ń sùn. Ìye ní, "Ìyàwó, tú u sílẹ̀, ẹ̀yìn á máa dùn ọ́."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó sùn."

Ìye wò ó, ó sì lọ jókòó sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Òòrùn kúrò lórí ilẹ̀ àgbàlá, ó gun ògiri. Ọlọ́kadà fọn fèrè, ìyá mi juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Kò gbá eṣinṣin tó bà lé e lójú. Mo fẹ́ bá a gbá a, ó fi ojú sọ fún mi pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Bùkọ́lá ta jí. Ó gbé orí sókè, ó wo ilé, ó rí Ìye. Ó kígbe pè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀yìn ìyá mi kí ó lè sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi tú u fúnra rẹ̀. Ọmọ náà sáré, kò ṣubú, ó sì ti ń bèèrè oúnjẹ kó tó dé ibi tí Ìye wà. Ìye bu púpúrú fún un, ó bu omi ọbẹ̀ sí i. A wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí a dìde láti lọ, Ìye ní kí ó wá kí wa. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara aṣọ, ó wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa ṣe fún àlejò, ó ní kí Àǹtí máa rin ire. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní, "Àmín. O ṣeun, ọmọ dáadáa." Lẹ́yìn náà ni a jáde sójú ọ̀nà, a ń wá ọ̀kadà, torí pé ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba Ore kọjá.